Àwòrán Inú Ìwé Àlọ́ Aesop: Apàlọ́ Kejì Ni

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí àwọn àlọ́ ẹranko tí gbogbo ayé fi orúkọ Aesop pè, àlọ́ àwọn ará Gíríìkì àtijọ́, pàápàá jù lọ àwọn ìwé tí wọ́n ti ya àwòrán sí i. Ọ̀pọ̀ wa la ti gbọ́ díẹ̀ nínú wọn: ti kìnnìún tó dá èkúté sí, tí èkúté sì gbà á sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó fi ẹ̀tàn gba wàràkàṣì lẹ́nu kannakánná, ti ìjàpá àti ehoro tí wọ́n jọ sáré ìje. Ìbéèrè mi rèé: kí ni àwòrán ń ṣe nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹwà lásán ni? Ṣé ohun tí a fi ń fa ojú ọmọdé mọ́ra ni, tí àgbàlagbà lè ṣí kọjá? Ìdáhùn tèmi ni pé rárá o. Ayàwòrán inú ìwé àlọ́ Aesop, apàlọ́ ni òun náà. Òun ló ń yan ibi tí ojú wa yóò dúró sí nínú ìtàn. Òun ló ń pinnu ẹni tí àánú rẹ̀ yóò ṣe wá. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òun ló ń dá ẹjọ́ kí àkọsílẹ̀ tó dá a. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: apàlọ́ kejì ni ayàwòrán. Ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ nìyẹn.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwòrán, ta ni Aesop gan-an? Herodotus, òpìtàn Gíríìkì tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, sọ pé ẹrú ni Aesop, pé ọwọ́ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Iadmon ní erékùṣù Samos ló wà, àti pé àwọn ará Delphi ló pa á. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba yìí, ìtàn ayé rẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ àròsọ. Kò sí ìwé kankan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Orí ahọ́n ni àlọ́ wọ̀nyí wà, àgbàlagbà ló sì máa ń lò wọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń jiyàn, bí àwa náà ṣe ń fi òwe wá ọ̀rọ̀ tó bá sọnù. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kó wọn jọ. Demetrius ará Phalerum kó wọn sínú ìwé ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, ṣùgbọ́n ìwé náà ti sọnù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Phaedrus, tí òun náà ti ṣe ẹrú rí ní Róòmù, sọ wọ́n di ewì ní èdè Látìnì, tí Babrius sì sọ wọ́n di ewì ní èdè Gíríìkì. Kí ni èyí fi yé wa? Ó fi yé wa pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àlọ́ Aesop kò ní ẹ̀dà kan ṣoṣo tí a lè tọ́ka sí pé òun ni ojúlówó. Ẹnikẹ́ni tó bá pa á, ó ń tún un pa ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún akéwì, kí ló dé tí kò ní rí bẹ́ẹ̀ fún ayàwòrán?

Ẹ tún wo bí àlọ́ wọ̀nyí ṣe kúrú tó. Kannakánná rí oúnjẹ, ó gbé e bà lé orí igi. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn lé, ó ní ẹwà rẹ̀ kò láfiwé, ó ní bí ó bá lè kọrin ni, òun ni ì bá jọba lórí gbogbo ẹyẹ. Kannakánná la ẹnu láti kọrin, oúnjẹ já bọ́, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbé e lọ. Ó parí. Àlọ́ náà kò sọ bí igi ṣe ga tó, kò sọ bóyá ebi ń pa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kò sọ bí ojú kannakánná ṣe rí nígbà tí oúnjẹ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹnu pa á lè fo gbogbo ìyẹn. Ayàwòrán kò lè fò ó. Bí ó bá fẹ́ ya kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó di dandan kó pinnu bóyá ó rù tàbí ó sanra. Èyí tó rù kan eegun yóò ṣe wá láàánú, èyí tó sanra yóò di olè lójú wa. Ohun tó tún le ju ìyẹn lọ ni pé àlọ́ ń rìn, àwòrán dúró sójú kan. Nínú ìtàn tó ní ìbẹ̀rẹ̀, tó ní àárín, tó ní òpin, ìṣẹ́jú kan ni ayàwòrán sábà máa ń rí mú. Èwo ni kó mú? Bí ó bá ya wàràkàṣì sẹ́nu ẹyẹ, ó ń kìlọ̀ fún wa nípa ìpọ́nni tó ní ètè nínú, nítorí ewu ṣì wà níwájú. Bí ó bá yà á nígbà tó ń já bọ́, ìwà òmùgọ̀ ẹyẹ ló gbé síwájú wa. Bí ó bá yà á sẹ́nu kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ jẹun. Àlọ́ kan náà ni o, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló bí.

Ẹnìkan lè ní mo ń fi ẹnu dá a ni. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rí. Aṣọ kan wà tí a fi orúkọ ìlú Bayeux ní ilẹ̀ Faransé pè. Ó ti lé ní 900 ọdún tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe àwòrán sí i lára, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó 70 mítà. Ìtàn ogun ló wà láàárín rẹ̀, bí William olórí Normandy ṣe gba adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Harold lọ́wọ́ ní 1066. Ṣùgbọ́n ní etí aṣọ náà, àwọn ẹranko inú àlọ́ Aesop wà níbẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti kannakánná fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta, ibi tí wàràkàṣì wà kò sì rí bákan náà. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ̀rọ̀ àlọ́ náà sára aṣọ. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ńṣe ni àwọn tó ran aṣọ náà ń fi àlọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìjọba lábẹ́lẹ̀, pé kí ẹni tó bá lójú inú bi ara rẹ̀ léèrè ta ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ta sì ni kannakánná, nínú William àti Harold. Àwọn mìíràn ní ọ̀ṣọ́ lásán ni. Èmi fara mọ́ àwọn ti àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán ni, ẹ̀ẹ̀kan tó. Ẹni tó tún àlọ́ kan náà yà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tó sì ń gbé wàràkàṣì rẹ̀ kiri, ó ní ohun tó fẹ́ kí a kíyè sí. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò lè sọ níwájú aṣẹ́gun, òwú lè sọ ọ́ sí etí aṣọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá dé sí Yúróòpù, àlọ́ ẹranko wà lára ohun tó kọ́kọ́ gba àwòrán. Ní 1461, ní ìlú Bamberg ní Jámánì, Albrecht Pfister tẹ ìwé àlọ́ tí Ulrich Boner kọ ní èdè Jámánì, èyí tí púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀ wá láti ìdí Aesop. Ó wà lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ọ̀rọ̀ àti àwòrán sí pa pọ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, Heinrich Steinhöwel, dókítà kan ní ìlú Ulm, kó àlọ́ Aesop jọ ní Látìnì àti ní èdè Jámánì. Johann Zainer ló tẹ̀ ẹ́ jáde, àwòrán inú rẹ̀ sì sún mọ́ 200. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe àwòrán náà? Wọ́n á yà á sójú pákó. Ọ̀jáfáfá agbẹ́gi á wá fi ọ̀bẹ ha gbogbo ibi tí kò sí ìlà kúrò, bí afíngbá ṣe ń ha ara igbá, títí ìlà nìkan á fi yọ sókè gedegbe. Wọ́n á fi yíǹkì pa á, wọ́n á tò ó mọ́ àwọn lẹ́tà, ẹ̀rọ á sì tẹ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ kíyè sí ìyẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ àti àwòrán jọ gba yíǹkì kan náà, wọ́n sì jọ bọ́ sójú ìwé kan náà. Pákó náà kì í tètè gbó, atẹ̀wé kan lè gbé e fún òmíràn, ẹni tí kò bá sì rí i gbà á ṣe àdàkọ rẹ̀. Báyìí ni àwòrán Ulm ṣe rìn dé Faransé, dé Spéìnì, tó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí William Caxton ti tẹ Aesop jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1484. Ọ̀rọ̀ ń pààrọ̀ èdè ní ibodè kọ̀ọ̀kan. Àwòrán kò pààrọ̀ nǹkan púpọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà ní Ulm àti ẹni tí kò mọ̀wé kà ní Lọ́ńdọ̀nù lè wo kìnnìún kan náà kí wọ́n sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i.

Níwájú ìwé Ulm yẹn, wọ́n ya Aesop fúnra rẹ̀. Wọn kò yà á bí arẹwà ọ̀mọ̀wé tó jókòó sórí àga. Abuké ni, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, àwọn nǹkan láti inú ìtàn ayé rẹ̀ àti àlọ́ rẹ̀ sì yí i ká. Ìtàn àtijọ́ kan ló ti ní ìrísí rẹ̀ kò dára, bẹ́ẹ̀ ni ayàwòrán ṣe yà á. Kí ni ojú ẹni tó ṣí ìwé náà kọ́kọ́ bá pàdé? Ẹni tí ayé lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, tó jẹ́ ẹrú, tó sì gbọ́n ju àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti rí ìyẹn, bí yóò ṣe ka àlọ́ èkúté àti kìnnìún yàtọ̀. Yóò kà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹni kékeré níwájú ẹni ńlá. Àwòrán kan ṣoṣo ló ti fi ojú tí a ó fi wo gbogbo ìwé náà hàn wá, kí a tó ka ìlà kan.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àlọ́ kan, ká wò ó fínnífínní. Egungun há ìkookò lọ́fun. Ó bẹ ẹyẹ àkọ̀, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn, pé kó bá òun yọ ọ́, òun yóò san owó iṣẹ́ rẹ̀. Àkọ̀ ti orí bọ ọ̀fun ìkookò, ó fi àgógó rẹ̀ fa egungun náà yọ. Nígbà tó bèèrè owó, ìkookò ní orí tó wọ ẹnu òun tó sì jáde láìfarapa, ṣé kò tó o ní owó? Nínú àkọsílẹ̀, ìdáhùn ìkookò yẹn ni oró àlọ́ náà. Ẹ̀kọ́ tó sì tẹ̀ lé e ni pé kí ẹni tó bá ṣoore fún ìkà má retí ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú wo ni àwọn ayàwòrán sábà máa ń mú? Ìgbà tí orí ẹyẹ ṣì wà lẹ́nu ìkookò ni. Kí ló fà á? Àwòrán kò lè ya ọ̀rọ̀ ẹnu, ṣùgbọ́n ó lè ya eyín. Ó fi ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà há àárín eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀, ó sì fi wá sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ wá yí ẹsẹ̀ padà. Àkọsílẹ̀ ní, má retí ọpẹ́. Àwòrán ní, wo ibi tí o ń ki orí bọ̀. Ìkìlọ̀ àwòrán ṣáájú ti ọ̀rọ̀, ní tèmi ó sì jinlẹ̀ jù ú lọ, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ti àwòrán kò ní dé ibi tí yóò ti máa bèèrè owó. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

Irú ohun èlò tí ayàwòrán ń lò náà a máa yí ìtàn padà. Ní 1567, ní ìlú Bruges, Marcus Gheeraerts ya àlọ́ ẹranko sórí bàbà, Edewaerd de Dene sì kọ ewì Dutch tó bá a lọ. Lórí bàbà, ìlà kì í yọ sókè bíi ti pákó. Ásíìdì ló ń jẹ ẹ́ wọ inú bàbà náà, yíǹkì á sì wọ inú ihò tóóró náà. Èyí jẹ́ kí ìlà rí wínníwínní, débi tí irun ẹranko àti ìyẹ́ ẹyẹ fi hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Francis Barlow, ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú yíya ẹyẹ àti ẹranko, gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nígbà tó gbé Aesop tirẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1666, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Látìnì. Ọdún yẹn gan-an ni iná ńlá jó Lọ́ńdọ̀nù, púpọ̀ nínú ìwé náà sì bá iná lọ. Ní 1687, ó tún un tẹ̀, Aphra Behn sì kọ ewì kéékèèké sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Kí ni Barlow ṣe tó yàtọ̀? Ó jẹ́ kí ẹranko jẹ́ ẹranko. Ìkookò rẹ̀ jẹ́ ìkookò inú igbó, ẹyẹ rẹ̀ jẹ́ ẹyẹ tó lè fò. Bí irú ìkookò bẹ́ẹ̀ bá dúró ti ọ̀dọ́ àgùntàn létí odò, bó ṣe wà nínú àlọ́ tí ìkookò ti ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ kó lè pa á jẹ, a kò lè fi rẹ́rìn-ín. Ìbẹ̀rù gidi ló ń bá wa, a sì mọ̀ pé ẹjọ́ tí alágbára ń rò mọ́ aláìlágbára lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan àwọn ọmọdé rèé. Ní 1693, John Locke, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé lórí ẹ̀kọ́ ọmọ. Ó ní bí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀wé kà, àlọ́ Aesop wà lára ohun tó dára jù láti fún un, bí ó bá sì ní àwòrán, yóò túbọ̀ wù ú kà. Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé orúkọ ohun tí ọmọ kò rí rí, tí kò sì rí àwòrán rẹ̀, ariwo lásán ni létí ọmọ náà. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ Locke bá ti àwọn bàbá wa mu, pé ìròyìn kò tó àfojúbà? Thomas Bewick, ayàwòrán ará Newcastle, gbé èrò náà dé ibi gíga nínú ìwé Aesop tirẹ̀ ní 1818. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn afínrin ń lò fín orí ìtì igi líle, níbi tí igi ti le jù. Ìlà rẹ̀ wá wẹ́ bíi ti bàbà, síbẹ̀ ó ṣeé tò pọ̀ mọ́ lẹ́tà bíi ti pákó àtijọ́. Ẹwà tó ti jẹ́ ti ìwé olówó ńlá wá lè wọ inú ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rà.

Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ayàwòrán ló tẹ̀ lé ọ̀nà Barlow àti Bewick? Ó tì o. Ní ilẹ̀ Faransé, La Fontaine ti sọ ọ̀pọ̀ àlọ́ Aesop di ewì láti 1668. Nígbà tí Grandville wá ya àwòrán sí ewì náà ní 1838, ó wọ aṣọ fún àwọn ẹranko, ó sì dé wọn ní fìlà bí ará ìlú. Charles Bennett ṣe irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1857. Ẹranko tó wọ ṣòkòtò, a mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n ń bá wí, ẹ̀rín a sì pa wá, nítorí a rò pé aládùúgbò wa ni. Randolph Caldecott wá gba ọ̀nà kẹta ní 1883. Ó kọ́kọ́ ya àlọ́ náà pẹ̀lú ẹranko, lẹ́yìn náà ó ya àwọn ènìyàn ìgbà ayé rẹ̀ tí wọ́n ń hu ìwà kan náà. Ẹ gbọ́ o, àlọ́ kò yí padà. Ẹranko tí kò wọṣọ dẹ́rù bà wá, ẹranko tó wọṣọ pa wá lẹ́rìn-ín, àwòrán méjì tó tẹ̀ léra ní kí a wo ara wa. Ayàwòrán ló fa ìyàtọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ ṣì ń bọ̀. Ní 2009, Jerry Pinkney, ayàwòrán adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ìwé kìnnìún àti èkúté jáde. Kò sí ìtàn tí ènìyàn lè kà nínú rẹ̀. Àwòrán ni gbogbo rẹ̀, àfi igbe ẹranko àti ariwo nǹkan díẹ̀. Níwájú ìwé náà, ojú kìnnìún nìkan ló wà, kò sí àkọlé. Pinkney gbé ìtàn náà kalẹ̀ sí pápá Serengeti ní ìlà oòrùn Áfíríkà, ibi tí kìnnìún ń gbé gan-an. Ó fi àwọn ọdẹ tó ń dẹ àwọ̀n sí i. Ohun tó tún ṣe ló jọ mí lójú jù. Ó fi ọmọ fún èkúté, ó sì fi ìyàwó àti ọmọ fún kìnnìún. Àlọ́ Gíríìkì kò mẹ́nu kan ọmọ rárá. Ohun tí àlọ́ náà kọ́ wa ni pé oore kò kéré, kódà bí a bá ṣe é fún ẹni kékeré. Pinkney gba ìyẹn, ó sì fi kún un pé ẹni tí a dá sí kì í ṣe òun nìkan la dá sí, odindi ilé kan ń dúró dè é. Kò fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́, síbẹ̀ ọmọ tó bá ṣí ìwé náà dé ìparí yóò mọ̀ ọ́n. Ní 2010, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Caldecott, èyí tí wọ́n ń fún ìwé àwòrán ọmọdé tó tayọ jù ní Amẹ́ríkà. Orúkọ Randolph Caldecott tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni wọ́n fi sọ àmì ẹ̀yẹ náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń mi orí lọ́wọ́ báyìí. Wọ́n lè ní, "Ṣebí àlọ́ Aesop ti wà láyé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láìsí ìwé aláwòrán. Kí la fẹ́ fi àwòrán ṣe?" Òótọ́ ni, ẹnu gbé àlọ́ náà ró. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnu nìkan ni apàlọ́ ní? Ó ní ojú tó ń ṣẹ́, ó ní ọwọ́ tó ń jù, ó ní ohùn tó ń rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìkookò bá ń yọ́ bọ̀. Ìwé gba ojú náà, ó gba ọwọ́ náà, ó gba ohùn náà, ó sì fi lẹ́tà dúdú sílẹ̀ fún wa. Àwòrán ló wá dí àlàfo tí apàlọ́ fi sílẹ̀. Nítorí náà, bí a bá mọyì apàlọ́ ẹlẹ́nu, kò sí ìdí tí a ó fi tẹ́ńbẹ́lú apàlọ́ ọlọ́wọ́.

Àwọn mìíràn lè ní àwòrán ń di ojú inú ọmọ, pé ọmọ tí a ti ya kìnnìún fún kò ní lè fi ọkàn ya tirẹ̀ mọ́. Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí, nítorí àwòrán kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ló ń tò gbogbo ọ̀rọ̀ kalẹ̀ tán, tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Àwòrán tó dára kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dúró ní ìdajì ọ̀nà. Orí àkọ̀ wà lẹ́nu ìkookò, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ọmọ ni yóò parí rẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Bí ọmọ bá sì rí àlọ́ kan náà nínú ìwé ayàwòrán méjì, yóò rí i fúnra rẹ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ojú inú rẹ̀ yóò là sí i ni.

Ẹ̀sùn kẹta ló wúwo jù. Wọ́n ní ayàwòrán lè fi èrò ara rẹ̀ bọ inú àlọ́, kó sì ṣi ọmọ lọ́nà. Mo gbà pé ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé àkọsílẹ̀ bọ́ nínú rẹ̀ ni? Roger L'Estrange, tó jẹ́ alátìlẹyìn ọba, tẹ Aesop jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1692, ó sì kọ àlàyé tirẹ̀ sábẹ́ àlọ́. Ní 1722, Samuel Croxall tó wà ní ẹgbẹ́ òṣèlú tó tako ti L'Estrange gbé tirẹ̀ jáde, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu àlàyé L'Estrange nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń lo àlọ́ kan náà láti jà fún ohun tó yàtọ̀ síra. Ọ̀rọ̀ pàápàá ń gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Àwa tí a ń wò náà kò wá lọ́wọ́ òfo. Ọmọ Yorùbá tó bá rí ìjàpá tó ń bá ehoro sáré nínú ìwé Aesop yóò kọ́kọ́ máa retí ẹ̀tàn, nítorí Ìjàpá inú àlọ́ tiwa kì í fi sùúrù borí. Ìjàpá ti Gíríìkì sì rèé, ìfaradà nìkan ló ní. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a kọ́ ọmọ láti bi àwòrán léèrè ọ̀rọ̀, ká má kàn fi í sílẹ̀ fún un.

Kí ni a ti sọ láti àárọ̀ ọ̀rọ̀ wa? A ní àlọ́ Aesop kò ní ẹ̀dà kan ṣoṣo tó jẹ́ ojúlówó, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá gbé e jáde ló ń tún un pa. A ní àlọ́ náà kúrú, ayàwòrán ló sì ń fi ara sí egungun rẹ̀. A ní ìṣẹ́jú tí ayàwòrán bá mú lè yí ẹ̀kọ́ padà, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì ni àkọ̀ lẹ́nu ìkookò àti àwọn ọmọ èkúté inú ìwé Pinkney.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò pọ̀. Bí ẹ bá ń ka irú ìwé yìí pẹ̀lú ọmọ, ẹ má ṣe yára ṣí ojú ewé. Ẹ fi ìka sórí àwòrán kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọmọ náà: ìgbà wo nínú ìtàn nìyí? Kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kí ni yóò tẹ̀ lé e? Ta ni ayàwòrán fẹ́ kí a káàánú? Ẹ jẹ́ kí ọmọ dáhùn kí ẹ tó ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìwé, ẹ má bá a wí, ẹ ní kó fi ohun tó rí nínú àwòrán gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin atẹ̀wé, ẹ kọ orúkọ ayàwòrán síwájú ìwé, ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe tọ́, nítorí iṣẹ́ apàlọ́ ló ṣe.